Oṣù Mẹ́ta Ni Mo Fi Ròyìn Jíìpù Tí Kò Sí Nílé Mọ́ fún Àbúrò Mi

Bí ẹ bá pàdé mi ní Pahayi, ní Ìlaròó, ẹ ó kí mi, èmi náà á sì dá yín lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹ ò ní mọ ohun tí mo ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ síbí, kí ẹnì kan tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ọdẹkúnlé lorúkọ mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi wa tírélà sìmẹ́ǹtì lọ́nà Ibese, kí ẹ̀yìn ríro tó dá mi jókòó sílé. Ọmọ méjì ni màmá wa bí: èmi, àti Ìbídàpọ̀ tó wà ní Kánádà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jù ú lọ.

Màmá ní ìtọ̀ ṣúgà. Lọ́dún tó kọjá, egbò kan yọ sí gìgísẹ̀ ọ̀tún wọn. Dókítà l'Abẹ́òkúta ní kí á máa gbé wọn wá ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún fífọ egbò náà. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ yẹn rìn púpọ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ gun ọ̀kadà.

Ìbídàpọ̀ pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè wálé báyìí. Ṣùgbọ́n mo máa ra ọkọ̀ tí Màmá á fi máa lọ. Ẹ̀yin lẹ máa wà á. Kò sẹ́lòmíì tí mo lè fọkàn tán."

Ọkọ̀ náà dé. Jíìpù tuntun ni, kì í ṣe tòkúnbọ̀. Ọ̀rá ṣì wà lára àga rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkọ̀ yẹn ṣe rí, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti wa tírélà fún ọdún mẹ́rìndínlógún, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń ka kòtò. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sínú jíìpù yìí, mo tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n ní kí n tẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé kò tíì ṣiṣẹ́. Mo tún un tẹ̀. Ni iná ojú rẹ̀ bá kú.

Lábísí, ìyàwó mi, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ọlámipọ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pa á!"

Mo wà á jáde sọ́nà Ayétòrò. Níbi tí tírélà mi máa ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ já sí méjì, jíìpù yìí kàn mì díẹ̀ ni, ó sì ti kọjá. Sítíárìn rẹ̀ fúyẹ́ tó fi jẹ́ pé ìka méjì ló gbà. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ láti kọjá lára ọkọ̀ mìíràn, kì í pariwo, á kàn fà mí mọ́ ẹ̀yìn àga jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ga nílẹ̀ dáadáa, òkúta kò lè kan abẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ kò ga jù fún àgbàlagbà. Bí Màmá bá kẹ́yìn sí àga, ìbàdí wọn àti àga á ṣe déédéé, wọ́n á kàn yí ẹsẹ̀ wọn wọlé ni. Tí mo bá ń fi ẹ̀yìn rìn, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn á yọ lójú gíláàsì kékeré níwájú mi. Bútù rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀. Tí a bá sì tẹ́ àga ẹ̀yìn sílẹ̀, ènìyàn méjì lè sùn síbẹ̀ kí wọ́n na ẹsẹ̀.

Ìbídàpọ̀ kò fojú kan ọkọ̀ náà rí. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe lójúmọ́ kí ó tó lè rà á. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n máa gba ohùn mi sílẹ̀ sórí Wásáàpù ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kí n sọ bí ọkọ̀ ṣe rìn lọ́sẹ̀ náà.

"Ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kó dà bíi pé èmi náà wà nínú ẹ̀."

Mo ń sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé inú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ló ti máa ń gbọ́ ọ, á gbọ́ ọ tán, á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, mi ò ṣẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ń lọ. Màmá á gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù, wọ́n á máa wo igbó tó ń sá lọ.

"Mi ò mọ̀ pé Abẹ́òkúta sún mọ́ ilé tó báyìí," ni wọ́n wí lọ́jọ́ kan.

Nọ́ọ̀sì tó ń fọ egbò náà ní, "Màmá, ẹ wò ó, ẹran tuntun ti ń hù níbẹ̀." Inú wa dùn délé.

Ṣùgbọ́n èmi ti ń wa ọkọ̀ náà ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ Màmá. Mo gbé e lọ ra búrẹ́dì. Mo gbé e lọ gẹ irun. Mo gbé e lọ kí ẹni tí kò ní kí n wá kí òun.

"Ọ̀gá Ọdẹ, ẹ kú oríire o!"

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mo ń dáhùn pé, "Àbúrò mi ló rà á fún Màmá." Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń ní, "A dúpẹ́." Ìgbà tó yá, mo gbé e lọ sí gáréèjì àwọn tírélà n'Ibese, níbi tí àwọn tí a jọ jẹ eruku sìmẹ́ǹtì ṣì ń jẹ ẹ́. Wọ́n yí ọkọ̀ náà ká. Ẹnì kan fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń pa ẹṣin lórí.

"Ọdẹkúnlé, ìwọ lo ra èyí?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní, "Mo rà á."

Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ṣe dùn lẹ́nu mi tó.

Lábísí rí ibi tí mò ń lọ. Ó ní, "Bàbá Ọlámipọ̀, epo tí àbúrò yín ń rà sílẹ̀ fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ fi ń ṣe fáàrí káàkiri ìlú."

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní kó máa tọ́jú ìkòkò rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan dé, epo kò sí nínú ọkọ̀. Mo sọ fún Màmá pé nǹkan kan ń dún lábẹ́ ọkọ̀, kí a jẹ́ kó di ọ̀la. Ọ̀la dé, a ò lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo sọ fún Ìbídàpọ̀ pé a lọ, pé òjò bá wa lọ́nà, ohun tó ń nu gíláàsì iwájú sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án.

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Bó ṣe rọrùn tó yà mí lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Lukman wá bá mi. A jọ wa tírélà nígbà kan rí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń kó ìrẹsì fàyàwọ́ láti òdìkejì bodè gba Ìfọ̀nyìntẹ̀dó wọlé. Ó ti gbé pẹ̀lú àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ títí ó fi ń kí gbogbo ènìyàn ní "Pátírọ̀n", ìyẹn ọ̀gá.

"Pátírọ̀n! Wọ́n ní ẹ ti ra ohun ńlá."

Ó yí jíìpù náà po. Ó ṣí bútù, ó tẹ́ àga ẹ̀yìn sílẹ̀, ó fi apá wọ̀n ọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ẹbí nìyí. Ta ló máa dá ọkọ̀ ẹbí dúró lójú ọ̀nà? Ẹ kàn bá mi gbé díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Epo ò ní tán nínú ẹ̀ mọ́ láé."

"Lukman, ọkọ̀ tí Màmá fi ń lọ ilé ìwòsàn ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé Màmá dání nígbà náà."

Àwàdà ló fi ṣe. Èmi ni mi ò gbà á bí àwàdà. Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n pe àbúrò mi, kí n ní, "Mo ti fi epo rẹ ṣe fáàrí, má bínú." Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo ti sọ fún gbogbo Ibese pé ọkọ̀ mi ni. Ta ni yóò máa tọrọ epo sínú ọkọ̀ ara rẹ̀?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo gbé Màmá sí iwájú láàárọ̀, mo tẹ́ tìmùtìmù sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Màmá, a máa kọ́kọ́ yà sí Ìfọ̀nyìntẹ̀dó. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ fi nǹkan rán mi."

"Kò burú, ọkọ mi."

Wọ́n kó àpò ìrẹsì sí ẹ̀yìn, wọ́n tẹ́ ẹní lé e, wọ́n fi aṣọ ìbora Màmá bò ó. Lukman gun alùpùpù ṣáájú, kó lè pè mí bí ọ̀nà kò bá dára. Níbi àkọ́kọ́ tí àwọn aṣọ́bodè ti dá wa dúró, ọ̀kan nínú wọn tẹ orí ba, ó rí ẹsẹ̀ Màmá tí a fi báńdéèjì wé lórí tìmùtìmù.

"Ilé ìwòsàn l'Abẹ́òkúta là ń lọ, ọ̀gá."

"Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á wò yín sàn. Ẹ máa lọ."

"Àmín, ọmọ mi. Ẹ ṣeun," ni Màmá wí. Wọn ò mọ nǹkan kan.

Ọkọ̀ náà gbé ẹrù yẹn bí ẹni tí kò gbé nǹkan. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo sọ fún Ìbídàpọ̀ pé, "Mo kó iṣu díẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára." Ó fi ẹ̀rín ránṣẹ́ padà.

Ṣùgbọ́n kí a tó já ẹrù Lukman sílẹ̀ tán ká tó dé Abẹ́òkúta, wọ́n ti parí fífọ egbò lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà dé, mi ò tilẹ̀ gbìyànjú láti débẹ̀. Mo gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́mísì kan nítòsí ilé, ó da oògùn sí i, ó wé e.

Ní ìrìn-àjò kẹta, Màmá sọ̀rọ̀.

"Ọdẹkúnlé, kí ló wà lẹ́yìn wa yìí?"

"Ìrẹsì ni, Màmá."

"Ti ta ni?"

"Ti ọ̀rẹ́ mi ni."

"Ṣé Ìbídàpọ̀ mọ̀ nípa ẹ̀?"

Mo tẹjú mọ́ ọ̀nà. Wọ́n yí ojú sí fèrèsé. Díákónẹ́ẹ̀sì ni Màmá, ogójì ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì. Wọn ò bá mi jà. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi jà.

Ní ìgbà kẹrin, fóònù mi kò dún. Mo ti fọkàn balẹ̀ pé ọ̀nà dára. Mo yí kọ́nà kan báyìí, mo bá wọn níbẹ̀, wọ́n ti fi igi dí ọ̀nà. Mo rí alùpùpù Lukman tó ń sá lọ gba inú oko ẹ̀gẹ́.

Aṣọ́bodè tó wá sí ẹ̀gbẹ́ mi ti dàgbà díẹ̀, ó wọ awò ojú.

"Níbo?"

"Ilé ìwòsàn, ọ̀gá. Ẹ wo ẹsẹ̀ ìyá mi."

"Mo ti ń wò ó láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan," ni ó wí. "Mo kàn ń rò ó lọ́kàn mi pé irú ilé ìwòsàn wo nìyí, tó jẹ́ pé bodè ni aláìsàn ti ń bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

Ó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ Màmá.

"Ìyá, kí ló wà lẹ́yìn yín?"

Màmá wò mí.

"Ẹrù mi ni," ni wọ́n wí.

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní kí n ṣí bútù. Mo tẹ bọ́tìnnì, ó gbéra jẹ́ẹ́jẹ́, ó ṣí fúnra rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ká aṣọ ìbora kúrò.

Wọn ò hùwà búburú sí wa. Ẹnì kan gbé bẹ́ńṣì wá fún Màmá sábẹ́ igi. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu mi, mo tọwọ́ bọ̀wé, mo fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n wa jíìpù náà lọ lójú wa. Àgbàlagbà yẹn ní, "Ọkọ̀ àti ẹrù ti di ti ìjọba. Torí ìyá yìí ni o fi ń lọ sílé lónìí. Bí a bá ránṣẹ́ pè ọ́, kí o wá."

Kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Ọ̀sán ganrínganrín, oòrùn ń ta. Màmá fi ara tì mí, a rìn dé oríta. Ìrìn tí dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ rìn gan-an nìyẹn. Nígbà tí a débẹ̀, báńdéèjì wọn ti pọ́n. Ọ̀kadà ni a rí. Mo jókòó lẹ́yìn, Màmá wà láàárín èmi àti ọlọ́kadà, ẹsẹ̀ wọn ń mì jọ̀ọ́jọ̀ọ́ bíi ti ẹni tó pokùn so.

Nígbà tí a délé, wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Ìbídàpọ̀ ò gbọdọ̀ gbọ́."

"Màmá, mo gbọ́dọ̀ sọ fún un."

"Mo mọ ọmọ tí mo bí. Tó bá gbọ́, kò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Kí n kú, kí n fi ẹ̀yin méjì tí ẹ ò bára yín sọ̀rọ̀ sílẹ̀? Rárá. Tó bá pè mí, mo máa ní à ń lọ."

Ó yẹ kí n kọ̀. Ìtura ló bá mi. Mo ti rò ó títí, ẹ̀yin òǹkàwé, nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ìtura yẹn ló burú jù.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọkọ̀ tí kò sí nílé mọ́ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo máa jókòó sẹ́yìn ilé, mo máa gbé fóònù sẹ́nu.

"Ìbídàpọ̀, ọkọ̀ ṣe dáadáa lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n ti ń tún apá kan ọ̀nà Ayétòrò ṣe, erùpẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ti gíláàsì, éésì ń fẹ́, Màmá ò mọ̀ pé eruku wà láyé…"

Ó máa ń bi mí ní ìbéèrè.

"Ẹ ti yí ọ́ìlì ẹ̀?"

"Mo yí i lánàá."

"Táyà ńkọ́?"

"Ó ṣì dúró dáadáa. Ojú rẹ̀ ò tíì jẹ."

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré."

Mo ní, "Ṣebí mo ti sọ fún ẹ pé kì í dún."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí. "Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀."

Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a dé Abẹ́òkúta, ọkọ̀ èrò ni a sì wọ̀. Oníkẹ́mísì ń wé ẹsẹ̀ náà. Lábísí ń tú u, ó ń fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti yàrá Màmá. Lẹ́yìn náà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn tó kéré jù dúdú bí èédú.

Lábísí jáde sí mi pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́.

"Ẹ pè é. Lónìí. Bí ẹ ò bá pè é, èmi máa pè é."

Ohùn Màmá ti inú yàrá wá. "Lábísí, bí o bá pè é, mi ò ní fẹnu kan oúnjẹ nínú ilé yìí mọ́."

Lábísí gbé abọ́ náà sílẹ̀, ó sì sunkún. Èmi wọ bàtà mi, mo jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́sàn-án, mo wà ní gáréèjì Ibese, mò ń wá ẹni tó mọ ibi tí Lukman sá sí. Fóònù mi dún. Ìbídàpọ̀ ni.

"Ẹ kú ọ̀sán, Ẹ̀gbọ́n. Níbo lẹ wà?"

Tírélà ń kọjá, ariwo wà. Mo rò pé ariwo ọ̀nà yẹn á tilẹ̀ ràn mí lọ́wọ́.

"Ṣebí ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòní? À ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta."

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà níwájú níbí. Wọ́n ti sùn lọ."

"Ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ó ń lọ geere. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ yẹn, Màmá ò tilẹ̀ ta pútú."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ nínú fóònù náà.

Ikọ́ màmá mi ni.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ìbídàpọ̀ wí, jẹ́ẹ́jẹ́, "mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Ilé ni mo wà. Ẹ máa bọ̀."

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Mo bá a lórí ilẹ̀ yàrá, ó ṣì wọ aṣọ tó fi wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹsẹ̀ Màmá wà lórí itan rẹ̀. Ọdún méje ni a ò ti rí ara wa. Kò dìde. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Àwòrán ilẹ̀ wa yìí wà níbẹ̀, àmì pupa kan sì dúró sójú kan létí bodè.

"Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ náà tó ń sọ ibi tó wà fún mi," ni ó wí. "N kì í wò ó tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo ń gbọ́ ohùn yín nínú bọ́ọ̀sì, inú mi dùn, mo ní kí n wo ibi tí ẹ ń gbà. Mo bá a níbi tó wà yìí. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà."

"O ti mọ̀?"

"Mo mọ̀. Mo rò pé ẹ tà á ni. Mo ní kò burú, irin ni. Mò ń retí kí ẹ sọ ọ́ fún mi fúnra yín. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń ní, lónìí lẹ máa sọ ọ́. Ẹ á ní ọkọ̀ ṣe dáadáa. Ìgbà tó sú mi ni mo wálé." Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. "Màmá ní àwọn ń lọ sílé ìwòsàn. Mo gba Màmá gbọ́. Mi ò rò ó rí pé Màmá lè purọ́. Mò ń dẹ yín wò, Ẹ̀gbọ́n. Mò ń dẹ yín wò, ẹsẹ̀ Màmá sì ń jẹrà! Èmi náà! Èmi náà!"

Ó ń fi ọwọ́ gbá orí ara rẹ̀. Màmá ń fà á lọ́wọ́.

"Ẹ̀bi mi ni," ni wọ́n ń wí. "Èmi ni mo ní kó má sọ. Ìbídàpọ̀, wò mí. Ẹ̀bi mi ni."

Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọkọ̀ èrò ni a fi gbé wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Dókítà tú báńdéèjì, ó wo ẹsẹ̀ náà, ó wò wá.

"Kí ló dé tí ẹ pẹ́ tó báyìí?"

Ìbídàpọ̀ wò mí, ó sì jáde síta.

Wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún gé e lókè orúnkún. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, láàárọ̀, Màmá la ojú.

"Ìbídàpọ̀ ńkọ́?"

Ìbídàpọ̀ kì í wọlé nígbà tí mo bá wà níbẹ̀. Ó wà lẹ́nu géètì, ó ń dúró kí n jáde.

"Ó wà níta, Màmá."

"Ṣé ẹ jọ wá?"

"A jọ wá."

"Ẹ jọ ń sọ̀rọ̀?"

"À ń sọ̀rọ̀, Màmá."

Wọ́n mi orí. Wọ́n di ojú. Kí Ìbídàpọ̀ tó wọlé, wọ́n ti lọ.

A sin wọ́n sí iwájú ilé, lábẹ́ fèrèsé yàrá wọn. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi ń padà, ó bá mi ní ẹ̀yìn ilé. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi ẹ̀gbọ́n, mo na gbalaja sórí ilẹ̀.

"Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní bú yín. Mi ò ní pè yín lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má pè mí mọ́. Tí mo bá gbọ́ ohùn yín, mi ò ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, mo ti pè é. Kò gbé e. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún Lábísí pé ó ti fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ nínú méjèèjì, pé á jókòó, á máa wo ògiri. Lábísí ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ó ń gbọ́ oúnjẹ, ó ń kí mi láàárọ̀. Ohun tó kù láàárín wa kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n ní bí ènìyàn bá ròyìn irú èyí, kó fi ẹ̀kọ́ sí i. Ẹ̀kọ́ tí mo ní kò pọ̀. Bí ènìyàn yín bá fi nǹkan sí yín lọ́wọ́, tí ẹ sì bà á jẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹnì kan bá sì gbà láti bá yín bo àṣírí mọ́lẹ̀ nítorí ìfẹ́, ẹ kọ̀ fún un. Èmi ò kọ̀. Mi ò mọ ohun tí ènìyàn ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, bíríkìlà kan tó ń jẹ́ Sàláúdéènì já búlọ́ọ̀kù sẹ́nu ọ̀nà wa. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Bàbá, àbúrò yín tó wà l'Ókè Òkun ló rán mi. Ó ní kí n mọ ògiri láti ìhín dé ọ̀hún."

Ó fi ọwọ́ fà á láti ara ògiri kan dé èkejì. Ilé ẹ̀yìn tí èmi ń gbé á wà níhìn-ín. Iwájú ilé, àti sàréè Màmá, á wà lọ́hùn-ún.

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?" ni mo bi í.

Ó wo ilẹ̀. "Wọn ò ní kí n fi ilẹ̀kùn sí i, Bàbá."

Èmi ni àkọ́bí. Mo lè sọ pé rárá, ẹbí á sì gbè mí. Lábísí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wò bóyá n ó sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ògiri náà ti dé àyà mi. Omi tán lọ́wọ́ ọkùnrin náà, sìmẹ́ǹtì tó ti pò sì ti fẹ́ gan. Ó wẹ̀yìn, ó bi mí bóyá omi wà nítòsí.

Mo gbé garawa. Mo lọ sí ìdí kànga, mo fa omi, mo gbé e wá fún un. Mo tún lọ. Mò ń pọn ọ́n bọ̀ títí ó fi to búlọ́ọ̀kù tó kẹ́yìn, tí mi ò sì rí òdìkejì mọ́.